Bíríkì Sísun Láì Fi Igi Ṣòfò: Ìbéèrè Tí Ẹ Máa Ń Béèrè Jù Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá ṣáá, látọ̀dọ̀ àwọn tó ń gé bíríkì, àwọn bíríkìlà, àtàwọn tó fẹ́ kọ́lé. A kó ìdáhùn wọn jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló wà lókè, èyí tó le wà nísàlẹ̀.

Ṣé bíríkì tí ẹ̀ ń sọ yìí kì í ṣe búlọ́ọ̀kù tá a ti mọ̀ náà ni?

Rárá o. Yanrìn àti sìmẹ́ńtì ni búlọ́ọ̀kù, wọ́n á pò ó, wọ́n á gé e, wọ́n á máa bu omi wọ́n ọn kó lè le. Amọ̀ ni bíríkì tiwa, wọ́n á gé e nínú mọ́ọ̀dì, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á wá finá sun ún títí á fi le bí òkúta, kò sí sìmẹ́ńtì kankan nínú ẹ̀.

Ẹ má sì rò pé búlọ́ọ̀kù ò jẹ iná o. Iná tiẹ̀ ti jó tán nílé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì kí àpò tó dé ọ̀dọ̀ yín ni, ẹ ò kàn rí èéfín ẹ̀ ni.

Kí ló dé tá a fi ń sun ún? Ṣé oòrùn ò tó ni?

Oòrùn á gbẹ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tójò bá pa á, ẹrẹ̀ ló máa padà dà. Omi méjì ló wà nínú amọ̀. Ọ̀kan ni èyí tẹ́ ẹ fi pò ó, ìyẹn á ti jáde tán tí ooru bá kọjá 100 dígíríì díẹ̀. Èkejì wà nínú ara amọ̀ gan-an, ẹ ò lè fojú rí i, ó di ìgbà tí ooru bá wọ àárín 450 sí 600 dígíríì kó tó jáde, tó bá sì ti jáde báyìí, kò sí omi tó lè sọ ọ́ di amọ̀ mọ́ láyé.

Lẹ́yìn ìyẹn, tí ooru bá ń lọ sí 900 sí 1,000 dígíríì, àwọn hóró kéékèèké inú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra wọn, ibẹ̀ lagbára bíríkì ti ń wá. Ibi tá à ń lọ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ń kó igi sí i lẹ́yìn ìgbà yẹn, ẹ̀ ń ṣòfò igi, ẹ tún máa bá bíríkì tó ti wọ́ lọ́wọ́.

Amọ̀ wo ló dáa? Ilẹ̀ pupa tó wà lẹ́yìnkùlé mi ńkọ́?

Ẹ bu díẹ̀, ẹ fomi pò ó, ẹ yí i lọ́wọ́ kó gùn kó sì tóbi tó bírò, kẹ́ ẹ wá fi wé ìka. Tí kò bá já, ó lámọ̀ nínú. Tó bá já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, yanrìn ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gé bíríkì bíi mẹ́wàá lásán, ẹ sá a sí abẹ́ òrùlé, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ń sán. Èyí tó sán, amọ̀ ẹ̀ ló sanra jù.

Ilẹ̀ pupa tiwa nílẹ̀ Ìjẹ̀bú níbí sábà máa ń níyanrìn nínú, amọ̀ àkúrò sì máa ń sanra, nítorí náà pípò méjèèjì pọ̀ ló máa ń wọ̀ jù, ẹ kàn fi bíríkì mẹ́wàá yẹn wá ìwọ̀n tó bá ti yín mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbẹ́ amọ̀ lẹ́bàá odò níbi tí afárá wà o, kẹ́ ẹ sì dí kòtò tẹ́ ẹ bá gbẹ́, ilé ẹ̀fọn ló máa dà.

Igi tá à ń jó ti pọ̀ jù. Níbo ló ń lọ gan-an?

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù lójú ìwé yìí nìyí. Láti gbé bíríkì kìlógíráàmù kan láti ilẹ̀ tútù dé 1,000 dígíríì, ooru tó nílò ò ju nǹkan bíi megajoule kan lọ (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ooru), ìyẹn MJ 1. Iléru òkìtì tá à ń tò níta, tá a dá ihò sí nísàlẹ̀ ká lè koná sí i, ń jẹ tó MJ 2 sí 4.5 fún kìlógíráàmù kan náà. Ìyókù ti bá ibòmíràn lọ.

Ibi tó ń bá lọ ò pọ̀. Omi tó ṣẹ́ kù nínú bíríkì ń jẹ nínú ẹ̀. Omi inú igi ń jẹ. Ara òkìtì tí kò bò dáadáa ń tú u dà sáfẹ́fẹ́, bí ìkòkò tí kò lọ́mọrí. Èéfín gbígbóná ń gbé e lọ sókè, bẹ́ẹ̀ sì ni nígbà tí bíríkì bá ń tutù, gbogbo ooru tó wà nínú ẹ̀ ń lọ lásán, kò ràn ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ohun tí mo ń sọ fáwọn èèyàn ni pé omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá jà, torí pé owó díẹ̀ ló ń ná yín, ká tó wá sọ̀rọ̀ iléru tuntun.

Ẹ ṣèṣirò ẹ̀ fún wa: igi mélòó ni 1,000 bíríkì ń jẹ?

Ká ní bíríkì kan wúwo tó kìlógíráàmù 2.5 lẹ́yìn tó gbẹ. 1,000 á jẹ́ kìlógíráàmù 2,500. Tí òkìtì yín bá ń jẹ MJ 3 fún kìlógíráàmù, 7,500 MJ nìyẹn. Igi tó gbẹ dáadáa ń fúnni ní nǹkan bíi MJ 15 fún kìlógíráàmù, ẹ pín in, kìlógíráàmù igi 500 ni.

Igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tí ìdajì ẹ̀ jẹ́ omi, kò fúnni ju bíi MJ 8 lọ. Iṣẹ́ kan náà á wá gba tó kìlógíráàmù 940. Igi kan náà, iná kan náà, àfi pé ẹ ò dúró kó gbẹ.

Ẹ tún wo bíríkì fúnra ẹ̀. Tí omi bá ṣẹ́ kù níwọ̀n 10 nínú 100 lára 2,500 yẹn, kìlógíráàmù omi 250 lẹ fẹ́ fi iná lé jáde, ó máa gbà tó 650 MJ, igi gbígbẹ bíi kìlógíráàmù 43 tí kò sun bíríkì kankan, oòrùn ì bá sì ti ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn àgbà ní igi tútù máa ń pẹ́ kó tó jó tán, ṣé kò wá dáa ju gbígbẹ lọ ni?

Ó ń pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe lákòókò yẹn ni pé ó ń gbẹ ara ẹ̀. Ooru tó yẹ kó wọ bíríkì ló fi ń lé omi ara ẹ̀ jáde, ìdí nìyẹn tí èéfín ẹ̀ fi máa ń nípọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ iná tí ò sáré, ẹ fi bíríkì dí ihò iná kù díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa wọlé púpọ̀, kẹ́ ẹ sì fi igi ńlá gbígbẹ sí i. Ẹ la igi, ẹ tò ó lórí nǹkan kó má fara kan ilẹ̀, ẹ fi páànù bò ó lórí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ fátẹ́gùn. Oṣù mẹ́ta nínú ẹ̀ẹ̀rùn ti ṣe ìyàtọ̀ tó pọ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé èèyàn lè po sọ́dọ́ọ̀sì mọ́ amọ̀?

Òótọ́ ni, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń gé bíríkì láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ṣàgámù gbìyànjú ẹ̀. Sọ́dọ́ọ̀sì ń kún iwájú sọ́míìlì, wọ́n ń sun ún dànù lójú títì, iná yẹn ò sun nǹkan kan. Tó bá wà nínú bíríkì, inú bíríkì gan-an ló ti ń jó, kò sí ooru tó sún mọ́ ibi tá a fẹ́ ju ìyẹn lọ.

Ìwọ̀n ẹ̀: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2 tàbí 3 nínú 100, òṣùwọ̀n ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n o, kì í ṣe páànù, torí sọ́dọ́ọ̀sì fúyẹ́, ó máa tan ojú yín jẹ. Fún 1,000 bíríkì yẹn, 3 nínú 100 jẹ́ kìlógíráàmù 75, tó bá gbẹ ó máa fúnni ní nǹkan bíi 1,200 MJ, ìyẹn tó kìlógíráàmù igi 80 tẹ́ ẹ ò ní rà mọ́. Ẹ jọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó lò ó, kẹ́ ẹ yọ èèpo igi àti ègé ńlá kúrò, torí ibi tó bá jó tán máa di ihò.

Ẹ má kọjá 5. Bíríkì á máa fúyẹ́, á máa mumi, kò sì ní lágbára tó mọ́. Ẹ̀wẹ̀, iná tó wà nínú ẹ̀ ń gbé ooru sókè fúnra ẹ̀, nítorí náà ẹ dín igi tẹ́ ẹ̀ ń kó sínú ihò kù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àárín òkìtì lè yọ́ pọ̀.

Èèpo ẹ̀kùrọ́, ìhá ẹyìn, èèpo ìrẹsì ńkọ́?

Èèpo ẹ̀kùrọ́ dáa gidigidi, ooru ẹ̀ ju ti igi lọ díẹ̀, ó sì ń pẹ́. Ẹ má pò ó mọ́ amọ̀ o, ó le, ó sì tóbi, ihò ló máa dá sí bíríkì lára. Inú ihò iná ni kẹ́ ẹ dà á sí lórí ẹyín iná, tàbí kẹ́ ẹ wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ sáàárín ipele bíríkì nígbà tẹ́ ẹ bá ń tò. Ẹ bá àwọn ìyá tó ń fọ́ ẹ̀kùrọ́ ládùúgbò sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ dájọ́ tẹ́ ẹ máa wá kó o, kó má lọ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì.

Ìhá ẹyìn tètè ń ràn, ẹ fi ṣáná. Èèpo ìrẹsì ń jó díẹ̀díẹ̀, eérú ẹ̀ sì pọ̀ gan-an, tó bá dí ihò iná, iná á kú. Nílẹ̀ Vietnam, ní agbègbè odò Mekong, èèpo ìrẹsì ni wọ́n fi ń sun bíríkì, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ dúró tì í tá á máa rọ́ ọ sí i.

Táyà, náílọ́ọ̀nù, ọ́ìlì tí mẹkáníìkì dà nù ńkọ́?

Rárá. Èéfín ẹ̀ ní májèlé nínú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró tì í lẹ máa kọ́kọ́ fà á símú, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ ilé kejì.

Báwo la ṣe máa to òkìtì tí kò ní jẹ igi tó bẹ́ẹ̀?

Kó tóbi. Tẹ́ ẹ bá sọ gígùn, ìbú àti gíga òkìtì di ìlọ́po méjì, bíríkì inú ẹ̀ di ìlọ́po mẹ́jọ, ara tó fi ń tú ooru dànù sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin péré. Ẹni tó ń sun 3,000 nìkan, ó ń sun igi fún atẹ́gùn. Ṣebí a mọ àáró nílẹ̀ yìí, ẹ pe ẹni méjì mẹ́ta tó ń gé bíríkì, ẹ sun ún pọ̀, kálukú sàmì sí tiẹ̀.

Bíríkì tí kò jinná dáadáa nígbà tó kọjá ni kẹ́ ẹ fi yí i ká lóde, kẹ́ ẹ fi amọ̀ tẹ́ ẹ po yanrìn mọ́ rẹ́ ẹ lára títí kò fi sí ihò. Lórí, ẹ to ipele bíríkì kan, ẹ da eérú lé e. Ẹ fi páànù dí ẹnu ihò níhà tí atẹ́gùn ti ń wá, ọyẹ́ máa ń fẹ́ iná lọ sápá kan, apá kejì ò ní jinná.

Nígbà tẹ́ ẹ bá dáná, ẹ má sáré. Iná kékeré ní òru àkọ́kọ́ àti ọ̀sán ọjọ́ kejì, torí tí omi inú bíríkì bá di ooru lójijì, bíríkì á bú. Ẹ ti ọ̀pá irin tútù bọ àárín bíríkì láti òkè, ẹ yọ ọ́, tí omi bá sẹ̀ sí i lára, ẹ dúró. Tó bá jáde ní gbígbẹ, ẹ wá kó igi sí i dáadáa. Nígbà tó bá jinná, ẹ fi amọ̀ dí gbogbo ihò pa, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù fúnra ẹ̀, ẹ má tú u nítorí pé oníbàárà ń pè.

Òjò ò jẹ́ ká gbádùn níbí. Ìgbà wo ló dáa láti sun ún?

Ẹ gé e láti ìparí oṣù kẹwàá, kẹ́ ẹ máa sun ún láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kẹta. Ẹni tó bá fẹ́ máa ṣe é yíká ọdún gbọ́dọ̀ kọ́ àtíbàbà onípáànù gígùn kan, owó ẹ̀ á padà láti inú igi tí kò rà. Tápólìn lórí ilẹ̀ lásán ò tó, omi ń bẹ lábẹ́ ẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, ìdàkejì ni wàhálà ẹ̀: bíríkì ń yára gbẹ lójú, inú ẹ̀ ṣì tutù, ló bá sán. Ẹ fi koríko bò ó fún ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ tó dá a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kátẹ́gùn lè gba àárín ẹ̀.

Kò sí ẹ̀rọ tá a fi ń mọ ooru. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti jinná?

Ẹ yọjú wo inú ihò lálẹ́. Tó bá ń pọ́n dúdúdúdú, kò tíì tó, 700 ni ìyẹn wà. Tó bá di àwọ̀ ọsàn, ó ti wà láàárín 900 sí 1,000, ẹ dúró níbẹ̀. Tó bá ti ń ní ìyeyè bí ìmọ́lẹ̀ iná mànàmáná, ẹ ti kọjá ibi tó yẹ. Ohun kejì ni orí òkìtì, ó máa wọlẹ̀ díẹ̀ tí bíríkì bá súnkì, nítorí náà ẹ fi ọ̀pá sàmì sí gíga ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dáná.

Lẹ́yìn tó tutù, ẹ gbá méjì mọ́ra wọn, èyí tó jinná ń dún gbangba, èyí tí ò jinná ń dún kúùkùù. Ẹ tún wọn ọ̀kan, ẹ rẹ ẹ́ sómi fún wákàtí 24, ẹ tún un wọ̀n. Tí omi tó mu bá kọjá 20 nínú 100 ìwúwo ẹ̀, ẹ má fi mọ ògiri tójò máa ń pa.

A fọ́ bíríkì, inú ẹ̀ dúdú. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ó túmọ̀ sí pé sọ́dọ́ọ̀sì tàbí ìdọ̀tí igi inú ẹ̀ ò rí afẹ́fẹ́ tó láti jó tán kí ojú bíríkì tó dí mọ́ ọn. Tó bá ń dún dáadáa, tí kò sì mumi jù, ẹ lò ó. Ṣùgbọ́n owó lẹ fi sílẹ̀ nínú ẹ̀, torí dúdú yẹn, iná tí kò jó ni. Lọ́jọ́ míì, ẹ jẹ́ kí iná pẹ́ díẹ̀ láàárín 500 sí 700 dígíríì kẹ́ ẹ tó gbé e sókè, tàbí kẹ́ ẹ dín sọ́dọ́ọ̀sì kù.

Bíríkì wa dáa lọ́jọ́ tá a tú u, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ló bẹ̀rẹ̀ sí í hó lára pẹ̀lú nǹkan funfun. Kí ló ṣe é?

Àwọn tó wà nítòsí Ṣàgámù ló sábà ń béèrè èyí, ilẹ̀ yẹn ní òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Tí ègé ẹ̀ bá wà nínú amọ̀, iná á sọ ọ́ di ẹfun gbígbóná, ẹfun yẹn á wá máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, á wú, á sì fọ́ bíríkì láti inú. Iná ńlá ò lè tún un ṣe, ẹ má ṣòfò igi lórí ẹ̀.

Ẹ lọ amọ̀ yẹn, ẹ ro omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, tó bá ń hó, òkúta yẹn wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ ọ́ kúrò tàbí kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ kúnná kó má ju mílímítà 1 lọ. Tẹ́ ẹ bá ti sun ún tán, ẹ ri bíríkì bọ omi nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó máa ń gba púpọ̀ là.

A gbọ́ pé àwọn ará òkèèrè ní iléru tí kì í jẹ nǹkan. Èwo la lè kọ́ níbí?

Ọ̀gbẹ́ni Friedrich Hoffmann ará Jámánì gba ìwé àṣẹ iléru rìbìtì tiẹ̀ lọ́dún 1858, iná ń rìn yíká nínú ẹ̀, bíríkì tó ń tutù ń mú afẹ́fẹ́ gbóná fún iná, èéfín sì ń gbẹ bíríkì tó wà níwájú. Lọ́dún 1876, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bull gbé irú ẹ̀ tí kò lórùlé dé India, ó ń jẹ tó MJ 1.1 sí 1.5. Àwọn tó ń to bíríkì ní kọ́rọkọ̀rọ kí iná lè rìn zigzag tún dín in kù sí i.

Èyí táwọn èèyàn ń béèrè jù ni ti China, wọ́n ń pè é ní VSBK, ìyẹn Vertical Shaft Brick Kiln. Ihò gíga bíi kànga ni, bíríkì tútù ń wọlé lókè, iná wà láàárín, bíríkì tó jinná ń jáde nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gba ara èyí tó ń tutù kọjá lọ bá iná. MJ 0.7 sí 1 péré ló ń jẹ. Ó dé Nepal àti India láàárín ọdún 1990 sí 2000, wọ́n gbé e dé Malawi àti South Africa náà.

Èrò tèmi nìyí. Iná VSBK kì í kú, tọ̀sántòru ni, àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa, èédú ilẹ̀ tí wọ́n lọ̀ ni wọ́n sábà ń wọ́n sí i, a ò sì ní ìyẹn níbí. Bíríkì tó bá wọ́ díẹ̀ lè há sínú ẹ̀. Ẹni tí kò tíì ní oníbàárà tó máa ra bíríkì lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ yáwó kọ́ ọ. Ẹ kọ́kọ́ gbẹ igi, ẹ gbẹ bíríkì, ẹ po sọ́dọ́ọ̀sì, ẹ bo òkìtì.

Ṣé bíríkì sísun wá san ju búlọ́ọ̀kù lọ fún ayé?

Ó dá lórí ohun tẹ́ ẹ fi sun ún. Ẹ mú ògiri tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóòró. Búlọ́ọ̀kù 10 ló gbà, tí àpò sìmẹ́ńtì kan bá gé 35, kìlógíráàmù sìmẹ́ńtì 14 nìyẹn, kábọ́ọ̀nù (afẹ́fẹ́ carbon dioxide) tó tú á wà ní bíi kìlógíráàmù 9 sí 13, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ sì wá látinú òkúta fúnra ẹ̀. Ti bíríkì ẹyọ kan ní fífẹ̀ gba 60, kìlógíráàmù 150, lórí òkìtì tó ń jẹ MJ 3 ó gbà igi gbígbẹ 30, igi 30 yẹn á sì tú bíi kìlógíráàmù kábọ́ọ̀nù 50.

Nítorí náà ẹni tó ń gé igi inú igbó tí kò sì gbìn òmíràn, kó má sọ pé òun ń ṣe ayé lóore. Tó bá jẹ́ sọ́dọ́ọ̀sì tí wọn ì bá sun dànù àti èèpo ẹ̀kùrọ́ lẹ fi sun ún, ìṣirò náà yí padà pátápátá, torí kábọ́ọ̀nù yẹn ń jáde bákan náà lójú títì.

Ṣé gbogbo ògiri ló yẹ ká sun bíríkì fún?

Rárá. Eredo Súngbọ́, yàrà àti odi àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, ilẹ̀ pupa tí wọ́n gbẹ́ ni, ibi kan jìn tó mítà 20, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ló ti wà níbẹ̀, iná ò kàn án. Fún ilé ilẹ̀ tí kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí òrùlé ẹ̀ yọ síta dáadáa, búlọ́ọ̀kù amọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ńtì díẹ̀ bíi 5 nínú 100 tó. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ilé àti ọ̀nà ti ìjọba àpapọ̀, NBRRI ní Ọ̀tà, ti ń gbé irú ẹ̀ jáde. Ẹ tọ́jú bíríkì sísun fún ibi tí omi ń kàn: ìpìlẹ̀, balùwẹ̀, ẹsẹ̀ ògiri, kànga.

Ṣé èèyàn lè sùn lẹ́bàá iléru lóru kó lè máa ṣọ́ iná?

Ẹ má sùn níhà tí èéfín ń gbà, ẹ má sì sùn lábẹ́ tápólìn tẹ́ ẹ so mọ́ ọn. Carbon monoxide, májèlé tó ń bá èéfín jáde, ò ní òórùn, ó ń pa èèyàn lójú oorun. Ẹ pín alẹ́ sí méjì, kẹ́nì kan máa ṣọ́ ẹnì kejì. Ẹni tó bá ní orí ń fọ́ òun, tó fẹ́ bì, ẹ gbé e jìnnà síbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́sípítù.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ìyípadà tá a ṣe dín igi kù lóòótọ́?

Ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ fi òṣùwọ̀n àwọn aláàgbàdo wọn igi kó tó wọlé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ wọn èyí tó kù. Ẹ wá pín in pẹ̀lú iye bíríkì tó dáa tó jáde, kì í ṣe iye tó wọlé. Ká ní 10,000 wọlé, igi kìlógíráàmù 5,000 jó, tí 2,000 bíríkì sì fọ́ tàbí tí ò jinná, kì í ṣe 0.5 lórí ọ̀kan mọ́, 0.625 ni.

Ẹ yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá gbẹ igi, tẹ́ ẹ tún po sọ́dọ́ọ̀sì, tẹ́ ẹ tún yí amọ̀ padà lórí òkìtì kan náà, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀, torí òkìtì oṣù kìíní àti ti oṣù kẹfà ò ṣeé fi wéra.